Àjọyọ̀ aláwàdà ẹgbẹ́ akọrin: kí ló ń mú un dùn, kí ló ń bà á jẹ́?

Tẹ́nọ̀ Iléṣà
Orúkọ aláwàdà tí ẹ fẹ́ yẹ́ sí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ orin. Ká ní Ayọ̀kúnlé ni: re-do-mi-mi. Bí ẹ bá gbé e lé orin òyìnbó tó ń gòkè níbi tó yẹ kó ti sọ̀kalẹ̀, onítọ̀hún á ní òun kọ́ lẹ̀ ń pè. Àrùn tó ń ṣe ọ̀pọ̀ orin inú ìwé orin wa nìyẹn: wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀, wọn ò yí ohùn padà. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Marina l'Ékòó láti 1914 dé 1962, wà lára àwọn tó jà fún un pé kí orin tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀.

Ìlà mẹ́rin ti tó. Kí ẹnì kan máa lé, kí àwọn yòókù máa gbè. Ohùn kan ṣoṣo ni kí ẹ fi kọ ìlà tí orúkọ wà. Bí ẹ bá pín in sọ́nà mẹ́rin, báàsì á wọ́ orúkọ lọ síbi tí kò sí. Ègbè lẹ lè pín. Àwa Ìjẹ̀ṣà àtàwọn Èkìtì mọ ọgbọ́n rẹ̀: do pẹ̀lú mi, re pẹ̀lú fa, mi pẹ̀lú so. Bí ohùn méjèèjì ṣe jọ ń gòkè, tí wọ́n jọ ń sọ̀, ọ̀rọ̀ ò ní dàrú.

Ìyá Áátò, Ìbàdàn
Ẹ má ṣe àjọyọ̀ náà nínú ìsìn ọjọ́ Ìsinmi o. Bí àlùfáà bá ti ń wò ó, aláwàdà náà á fajú ro ni. Ẹ fi í sẹ́yìn ìgbáradì, lẹ́yìn àdúrà ìparí, fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Àwàdà tí òun fúnra rẹ̀ máa ń fi ara rẹ̀ ṣe ni kí ẹ fi kọrin. Bó bá jẹ́ pé ó máa ń fi bó ṣe ń pẹ́ dé ṣẹ̀fẹ̀, ó ti fún yín láyè nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí kì í bá mẹ́nu ba ohùn rẹ̀ tó máa ń fọ́ lókè, ẹ̀yin náà ẹ fi í sílẹ̀.

Báàsì, Abẹ́òkúta
Ẹ̀bùn: orógbó méje, odidi ataare kan, ìgò oyin kékeré, nínú àwo kan. Ẹ fi ìwúre ẹlẹ́rìn-ín gbé e kalẹ̀. (Ọ̀fun là ń tọ́jú, kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ìbọ̀rìṣà.) Kéèkì ńkọ́? Ó di ẹ̀yìn orin. Èérún rẹ̀ máa ń há ọ̀fun, ikọ́ á sì gborin lẹ́nu yín.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́
Ẹ ṣí ẹgbẹ́ WhatsApp mìíràn tí aláwàdà náà kò sí nínú rẹ̀, kó má baà mọ ohun tí ẹ ń gbèrò. Ẹ pè é ní “Owó Aṣọ Tuntun”. Bó bá tiẹ̀ rí i lórí fóònù ẹlòmíì, kò ní fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í rò nìyí: aláwàdà náà ló sábà máa ń ra omi, tó ń to àga, tó ń fa jẹnẹrétọ̀. Ẹ pín iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹni mẹ́ta ṣáájú, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ìdí jẹnẹrétọ̀ ló máa wà tí ẹ bá ń kọrin rẹ̀.

Onígángan, Òṣogbo
Ẹ jẹ́ kí onílù gbọ́ orin náà ṣáájú, kó lè fi gángan pe orúkọ rẹ̀ kí ẹ tó lé e. Lẹ́yìn ìlà àwàdà kọ̀ọ̀kan, kí agogo nìkan yí ìgbà méjì kí ẹ tó mú ìlà tó kàn, torí ẹ̀rín máa ń bo ìlà tó bá tẹ̀ lé e. Kí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ má yá jù. Bí aláwàdà náà bá ti bọ́ sójú agbo, ẹ má dá ìlù dúró fún un. Òun ló máa sọ ìgbà tó tó.