CC BY fún àwọn àpilẹ̀kọ àtijọ́ nínú OJS: ta ló yẹ kó fọwọ́ sí i?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú jọ́nà. OJS 3, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń darí jọ́nà, là ń lò, a sì fẹ́ wọ DOAJ, àkójọ àwọn jọ́nà tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́. CC BY 4.0, àṣẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lo iṣẹ́ kan bó bá ti dárúkọ òǹkọ̀wé, la kọ sórí ìkànnì, àmọ́ “All rights reserved” (gbogbo ẹ̀tọ́ wà ní ìpamọ́) ṣì wà nísàlẹ̀ PDF àwọn àpilẹ̀kọ àtijọ́. DOAJ kì í gba irú àtakò bẹ́ẹ̀.

Bọ́tìnnì “Reset Article Permissions”, tó ń dá àṣẹ gbogbo àpilẹ̀kọ padà sí èyí tí jọ́nà ń lò báyìí, wà nínú Tools lórí OJS, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí gidi: ó máa ń pa àkọsílẹ̀ àṣẹ àtijọ́ rẹ́ pátápátá, kò sì ní fọwọ́ kan PDF rárá. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ti gba nǹkan lábẹ́ CC BY, a ò lè gba àṣẹ náà padà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Àwọn òǹkọ̀wé tó gbé ẹ̀tọ́ àdàkọ fún jọ́nà pátápátá rọrùn. Àwọn tó kàn gbà ká tẹ iṣẹ́ wọn jáde ló le: ẹ̀tọ́ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Bí ẹni mẹ́ta bá jọ kọ ọ́, tí ọ̀kan ti kú, ṣé àwọn ajogún rẹ̀ la máa wá lọ? Báwo lẹ ṣe ń kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán tí a yá pé CC BY kò kàn án? Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá ní àpẹẹrẹ lẹ́tà ìtọrọ àṣẹ, kó fi hàn wá.