Òkè wo ló dúró gangan lójú yín, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀?

Bíríkìlà Iléṣà:
Ẹ kú àṣálẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ bíríkìlà ni mò ń ṣe ní Iléṣà níbí. Bàbá kan pè mí lọ wo ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Bá a ṣe dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ báyìí, wọ́n ní, "Ṣé orí ògiri lèèyàn ń kọ́lé sí ni?" Wọ́n ti fẹ́ lọ gbowó wọn padà lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀, èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi sì na rọ́bà omi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ iṣẹ́ wa á mọ̀ ọ́n: rọ́bà tó mọ́ gaara tá a máa ń rọ omi sí láti fi mú lẹ́fẹ́ẹ̀lì. Ibi yòówù tẹ́ ẹ bá gbé ẹnu rẹ̀ méjèèjì dúró sí, omi inú wọn á dọ́gba, kò sí irọ́ níbẹ̀. Nínú mítà 10, mítà 1 péré ni ilẹ̀ yẹn fi lọ sílẹ̀. Tá a bá fi dìgírì kà á (ilẹ̀ tó tẹ́jú jẹ́ 0, ògiri tó dúró ṣánṣán jẹ́ 90), kò tó 6. Mo bi bàbá pé mélòó làwọn rò pé ó jẹ́. Wọ́n ní yóò tó 40!

Kì í ṣe bàbá nìkan o. Lọ́dún 1995, Dennis Proffitt àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Virginia l'Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde. Òkè tó jẹ́ dìgírì 5, àwọn tó wò ó ń pè é ní nǹkan bí 20. Èyí tó jẹ́ 10 di nǹkan bí 30 lẹ́nu wọn. Ti ọwọ́ ló wá dùn mọ́ mi jù: wọ́n ní kí àwọn tó ń wo òkè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé pákó kan láìwo ọwọ́ náà, kí wọ́n tẹ pákó náà títí yóò fi dàgẹ̀rẹ́ bí òkè náà. Ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Ẹnu ló ń bù mọ́ ọn.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Ìyá Oníbúrẹ́dì, Ifẹ̀:
Ẹ̀yin ò ru àtẹ gòkè rí ni. Láàárọ̀ tí búrẹ́dì bá kún orí mi láti Mòórè, kò sí òkè tó kéré n'Ífẹ̀. Tó bá dìrọ̀lẹ́ tí mo ti tà tán, mi ò kì í rántí pé òkè wà lójú ọ̀nà yẹn, bẹ́ẹ̀ ìrọ̀lẹ́ gan-an ló máa ń rẹ̀ mí jù.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Àwọn Proffitt náà sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1999, pé ẹni tó gbé báàgì wíwúwo kọ́ ẹ̀yìn máa ń sọ pé òkè dúró gangan ju bí ẹni tí kò gbẹ́rù ṣe máa sọ lọ. Ṣùgbọ́n olùwádìí mìíràn, Frank Durgin, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún un yẹ̀ wò lọ́dún 2009. Wọ́n purọ́ fún àwọn kan pé ẹ̀rọ tó ń wo iṣan ara ló wà nínú báàgì. Àwọn yẹn ò bù mọ́ òkè mọ́. Ó jọ pé àwọn tó kù ti fura sí ohun táwọn olùwádìí ń wá, wọ́n sì fi dá àwọn olùwádìí lóhùn. Èmi rò pé ẹrù kì í yí ojú padà.

Ìyá Oníbúrẹ́dì, Ifẹ̀:
Ọmọ mi, ta ló wá ń purọ́ ohun tó wà nínú àtẹ fún mi? Èmi ni mo tò ó.

Ọlọ́kadà Lágèrè:
😂 Màmá ti parí ẹ̀.

Ti èmi yàtọ̀. Ibi téèyàn ti ń sọ̀kalẹ̀ òkè tó le, tí ọ̀nà wá rọjú díẹ̀ níwájú, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Ọ̀nà yẹn ṣì ń lọ sílẹ̀ o, ṣùgbọ́n ojú á ní ó ti ń gòkè. Èrò ẹ̀yìn mi á ní, "Bọ̀dá, ẹ fún un níná, òkè rèé." Mi ò ní dáhùn. Màá fi gíà sí fírì, ọ̀kadà á sì máa yí lọ fúnra rẹ̀. Ẹnu á yà wọ́n. Ọ̀kan tiẹ̀ bi mí bóyá mo ní nǹkan lábẹ́ síìtì.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀:
Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láwọn ibi táwọn òyìnbó ń pè ní òkè mágínẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Kò sí mágínẹ́ẹ̀tì kankan níbẹ̀. Lọ́dún 2003, àwọn onímọ̀ kan ní Ítálì fi pákó ṣe irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní kékeré, ojú àwọn tó wò ó sì ṣì í bákan náà. Ibi tí igi tàbí òkè bá ti bo ìpẹ̀kun ojú ọ̀run, ojú ò ní nǹkan tó tẹ́jú tó lè fi wọ̀n ọ́n mọ́.

Abíyè Ìjẹ̀ṣà:
Ẹ lọ sí Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ìpele méje ni. À ń gòkè, à ń ya fọ́tò, à ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tá a fẹ́ sọ̀kalẹ̀ ni àbúrò mi jókòó pé òun ò lọ síbì kan. Ọ̀nà kan náà o! Láti òkè, ó dà bíi kànga lójú rẹ̀. Ìdí ló fi wọ́ délẹ̀.

Bíríkìlà Iléṣà:
Kó má bínú. Ìwádìí ọdún 1995 yẹn náà rí i pé òkè tó le máa ń dúró gangan sí i lójú ẹni tó bá wà lókè rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó pe òkè kan ní 45 níbí, ẹ rántí Baldwin Street ní Dunedin, New Zealand, títì tó gborúkọ pé òun ló dúró gangan jù láyé. Nǹkan bí dìgírì 19 ni.

Ọlọ́kadà Lágèrè:
Mọ́kàndínlógún kẹ̀? Ẹ yá mi ní rọ́bà omi yẹn lọ́jọ́ Sátidé, mo ní òkè kan tí mo fẹ́ fi hàn yín.