Ọmọ tó ka ìwé Faransé ní Niger, kíláàsì wo ni wọ́n máa gbà á sí nílé?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Niamey la wà, ní Niger, iṣẹ́ míṣọ́nárì ló gbé wa débí, ọkọ mi ń bójú tó ìjọ kékeré kan láàárín àwọn Hausa àti Zarma, èmi ń kọ́ àwọn obìnrin ní Bíbélì àti aṣọ rírán. Iṣẹ́ ń lọ, ọpẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ àkọ́bí wa ló tojú sú mi.

Ilé-ìwé Faransé ló ń lọ láti kékeré, ó ti wà ní troisième (kíláàsì kẹrin lẹ́yìn praimárì), ó máa ṣe BEPC, ìdánwò ìparí sẹ́kọ́ńdìrì kékeré wọn, lọ́dún yìí, a wá fẹ́ kó lọ parí sẹ́kọ́ńdìrì lọ́dọ̀ ìyá mi l'Ógbòmọ̀ṣọ́ kó lè ṣe WAEC. Níbí, ọdún mẹ́rin ni wọ́n ń lò lẹ́yìn praimárì kí wọ́n tó ṣe BEPC, JSS tiwa sì jẹ́ mẹ́ta, kò bára mu rárá. Mo pe àwọn ilé-ìwé kan nílé, ọ̀kan ní kó padà sí JSS2 torí Gẹ̀ẹ́sì (Gẹ̀ẹ́sì tá a ń sọ nílé lójoojúmọ́ o!), òmíràn ní àfi kó mú èsì BECE (ìdánwò ìparí JSS3) wá. Mo bi àwọn tó rán wa níṣẹ́, wọ́n ní ká máa gbàdúrà. À ń gbà á, àmọ́ September ò jìnnà mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mú ọmọ bọ̀ láti Niger, Benin tàbí Togo, ṣé wọ́n fi BEPC gbà á wọlé SS1 láìsí BECE? Ọ́fíìsì wo lẹ lọ? Àbí kó kúkú dúró ṣe BAC (ìdánwò ìparí sẹ́kọ́ńdìrì wọn) níbí, ṣé yunifásítì Nàìjíríà máa gbà á?