Ọmọ mi mọ̀wé gan-an: ṣé ó lè rí sikọ́láṣíìpù tí yóò san gbogbo owó yunifásítì l'Ámẹ́ríkà?

Ìyá Ọlọ́mọ, Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí tí ẹ ti rin ọ̀nà yìí ṣáájú wa. Ọmọbìnrin mi, ẹni ọdún mẹ́tàdínlógún, gba A1 nínú iṣẹ́ méje nínú mẹ́sàn-án tí ó ṣe ní WAEC, ó sì gba máàkì 1490 nínú 1600 nínú SAT, ìdánwò tí àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà máa ń wò. Ìmọ̀-ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ni ó fẹ́ kọ́. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá rẹ̀, èmi sì ń ta aṣọ ní ọjà Gbági. Agbára wa kò ká ju owó ọkọ̀ òfurufú lọ. Ẹnì kan tí ó ń bá àwọn ènìyàn ṣètò ìrìn-àjò sọ pé pẹ̀lú irú máàkì yìí sikọ́láṣíìpù ti dájú, kí a ṣáà san ₦350,000 kí òun lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọkàn mi kò balẹ̀. Kí ni òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí?

Olùtọ́sọ́nà, Abẹ́òkúta:
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má san kọ́bọ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó lè fi sikọ́láṣíìpù dá yín lójú. Ọmọ yín ti ṣe gudugudu méje, ṣùgbọ́n ohun tí ó máa ń ṣi àwọn òbí lọ́nà ni pé wọ́n rò pé ẹ̀bùn ọpọlọ pípé ni gbogbo sikọ́láṣíìpù. Harvard, Yale, Princeton, MIT àti Amherst kì í fún ọmọ lówó nítorí pé ó mọ̀wé. Ẹni tí wọ́n bá gbà ni wọ́n ń wo àpò òbí rẹ̀, tí wọ́n sì ń san ohun tí agbára òbí kò ká, ìbáà jẹ́ ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, àìlówó kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti wọlé síbẹ̀. Wíwọlé gan-an ni ó le: nínú 54,008 ènìyàn tí wọ́n kọ̀wé láti wọ Harvard ní ọdún 2024, 1,937 péré ni wọ́n gbà.

Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré bíi Grinnell, Macalester àti Swarthmore náà ń san gbogbo ohun tí ó bá kù fún ọmọ òkèèrè tí wọ́n bá gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ń ro iye tí ọmọ náà yóò ná wọn kí wọ́n tó gbà á. Swarthmore ní ẹ̀ka ìmọ̀-ẹ̀rọ. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni ọmọ lè rí kọ́ ní àwọn méjì yòókù. Kí ó kọ̀wé sí bíi mẹ́wàá, kí ó má gbójú lé ilé-ìwé olókìkí nìkan, kí olùkọ́ rẹ̀ sì bá a kọ̀wé pé kí wọ́n dárí owó fọ́ọ̀mù jì í.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Ohio:
Ẹ jẹ́ kí n fi ìrírí tèmi kún un, mà. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú, ilé-ìwé mẹ́sàn-án ni mo kọ̀wé sí, mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni wọ́n sì kọ̀ mí. Mo kọ àròkọ nípa bí òṣì ṣe ń bá ìdílé wa fínra. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kà á kò lè mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ní ọdún kejì, mo kọ nípa mítà iná kan ṣoṣo tí yàrá mẹ́jọ ń lò nínú ilé wa, àti bí mo ṣe ń ṣírò ohun tí yàrá kọ̀ọ̀kan yẹ kí ó san, títí ìjà oṣooṣù fi tán nílé. Nínú mọ́kànlá, ọ̀kan ṣoṣo ni ó gbà mí, ó sì san ohun gbogbo yàtọ̀ sí owó ọkọ̀ òfurufú.

Ẹ má fojú kékeré wo CSS Profile, fọ́ọ̀mù tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé fi ń wo agbára òbí. Ẹ kọ owó oṣù bàbá bí ó ṣe rí, kí ẹ sì ṣírò èrè ọjà yín láti oṣù dé oṣù. Owó ọkọ̀ òfurufú tí ẹ ní ẹ lè san yẹn, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀.

Olùkọ́ Àgbà, Ilé-Ifẹ̀:
Òótọ́ ni àwọn tí wọ́n ṣáájú mi sọ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọmọ pa JAMB tì. Síbẹ̀, bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní yunifásítì níbí, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé Amẹ́ríkà yóò kà á sí ẹni tí ó ń ti ilé-ìwé kan bọ́ sí òmíràn, owó ìrànwọ́ fún irú wọn láti òkèèrè sì ṣọ̀wọ́n gidigidi. Nítorí náà, ẹ jókòó pinnu iye ọdún tí ẹ lè dúró. Ní tèmi, ọdún kan tó.

Òfin físà Amẹ́ríkà fún ọmọ Nàìjíríà ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti ọdún 2025, torí náà ẹ wo Kánádà pẹ̀lú. Sikọ́láṣíìpù Lester B. Pearson ti Yunifásítì Toronto ń san gbogbo owó fún ọdún mẹ́rin, ṣùgbọ́n ilé-ìwé girama ni ó gbọdọ̀ fa ọmọ kalẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo ni ilé-ìwé kan sì lè fà kalẹ̀ lọ́dún.

Ìyá Ọlọ́mọ, Ìbàdàn:
Ẹ ṣeun púpọ̀, Olúwa yóò bá yín tọ́ tiyín. A kò ní san ₦350,000 náà. Ní Ọjọ́ Ajé, èmi àti ọmọ yóò lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀ nípa ti Toronto kí ọmọ mìíràn tó gba àyè náà, bàbá rẹ̀ sì ti gbà pé ọdún kan ni a ó fi dúró. Mo ti ra ìwé àkọsílẹ̀ tí n ó máa kọ èrè ọjà sí, ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó fa ìlà sí i.