Wọ́n ní kí n san ₦600,000 kí n lè lọ ṣiṣẹ́ kámpù ọmọdé l'Amẹ́ríkà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

TisaEpe:
Ẹ kú ilé o. Ẹ̀pẹ́ ni mo wà, tíṣà praímárì ni mí, tí skúù bá ti fún họ́lídè mo máa ń kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ, a ń kọrin, a ń ṣeré, mo tún ń kọ́ àwọn tó dàgbà díẹ̀ nínú wọn ní odò wíwẹ̀ torí etí ọ̀sà ni wọ́n bí mi sí. Ẹnì kan wá ní wọ́n ń wá irú èmi yìí l'Amẹ́ríkà láti máa tọ́jú àwọn ọmọ ní kámpù, ó ní éjẹ́ǹtì òun máa ṣe fíìsà, àti pé tí mo bá ti débẹ̀ kò sẹ́ni tó máa ní kí n padà wálé. Iṣẹ́ yẹn wù mí dọ́kàn, àmọ́ ọ̀rọ̀ owó yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an?

EgbonIgbogbo:
Àbúrò, má san kọ́bọ̀ o! Iṣẹ́ yẹn wà lóòótọ́, mo ti ṣe é rí. J-1 ni fíìsà ẹ̀, àwọn tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí tí wọ́n ń pè ní sponsor, àwọn nìkan ló ń fúnni ní fọ́ọ̀mù DS-2019, ìyẹn ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti gbà ẹ́ sínú ètò náà, láìsí fọ́ọ̀mù yẹn kò sí íntáfíù fíìsà. Orúkọ wọn wà lórí wẹ́ẹ̀bù ìjọba wọn, bi éjẹ́ǹtì yẹn pé èwo ni tiẹ̀. Owó SEVIS, ìyẹn owó àkọsílẹ̀ orúkọ ẹ lọ́dọ̀ ìjọba wọn, $35 ni, owó fíìsà $185. Ó pẹ́ tán oṣù mẹ́rin lo máa lò, ẹni tó ní o ò ní padà wálé yẹn fẹ́ tì ẹ́ sí wàhálà ni.

IyaIbeji_Agbadarigi:
Ọmọ mi obìnrin ti lọ rí. Iṣẹ́ ńlá ni o. Inú ilé kan náà ni ìwọ àtàwọn ọmọ jọ máa sùn, tí ọmọ ọdún mẹ́jọ bá ń sunkún ilé lóru, ìwọ ni màmá ẹ̀, ìwọ ni bàbá ẹ̀. O ò gbọ́dọ̀ nà wọ́n, kódà o ò gbọ́dọ̀ fà wọ́n létí. Ẹ̀pà tá a fi ń jẹ gúgúrú yìí lè pa ọmọ mìíràn nínú wọn, torí náà o ò kàn lè fún ọmọ ní nǹkan jẹ láìbéèrè. Odò tó o mọ̀ ọ́n wẹ̀ yẹn máa wúlò, ọ̀pọ̀ kámpù ló wà létí omi, àmọ́ wọn ò ní jẹ́ kó o ṣọ́ ọmọ lómi láìní sáàtífíkéètì lifeguard, wọ́n á kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń fa ẹni tó ń rì jáde, bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà ẹni tí ò mí mọ́. Tí wọ́n bá sì fẹ́ sọ ẹ́ di kúùkù tàbí ẹni tó ń fọ abọ́, òfin J-1 ò gbà á, sọ fún sponsor ẹ.

OmoLasustech:
Ẹ má bínú pé mo dá sí i, ẹ̀gbọ́n. Láti January 1, 2026 ni Amẹ́ríkà ti dá fíìsà J dúró fún ọ̀pọ̀ àwa ọmọ Nàìjíríà, òun àti B (ti àbẹ̀wò), F àti M (ti akẹ́kọ̀ọ́), àṣẹ tí Trump pa ní December 2025. Kí ni éjẹ́ǹtì fẹ́ fi ₦600,000 ṣe nígbà náà?

TisaEpe:
Háà! Kò sọ ìyẹn fún mi rárá. Mi ò san mọ́. Ẹ ṣé gan-an ni. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ibo lèèyàn ti lè kọ́ lifeguard yẹn l'Ékòó? Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n nítorí àwọn ọmọ tí mò ń kó lọ sómi níbí.

IyaIbeji_Agbadarigi:
Bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Red Cross, wọ́n ń kọ́ first aid. Ti omi, màá bi ọmọ mi lálẹ́ yìí.