Mo fẹ́ ka LL.M. (digirì kejì nínú òfin) lórí ìwà ọ̀daràn àti ètò ìdájọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Lọ́yà Ọdún Mẹ́fà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mi ò fẹ́ dá rò mọ́.

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń gba ẹjọ́ ọ̀daràn rò. Láìpẹ́ yìí, mo gbẹjọ́ ọmọkùnrin kan tó jalè rò. Ẹ̀ẹ̀kẹta rẹ̀ níwájú adájọ́ nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń ka ìdájọ́ rẹ̀, kò wo adájọ́, kò wo èmi náà. Ó ń fi àtàǹpàkò ka ìka ọwọ́ rẹ̀, ó ń ṣírò oṣù. Nígbà tí wọ́n fẹ́ mú un lọ, ó yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá jáde, ibo ni kí n lọ?" Mi ò rí èsì fún un. Mo mọ abala òfin tí wọ́n fi dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tó ń dá a padà wá sí kóòtù.

Látọjọ́ náà ni mo ti ń wá ilé ìwé. Yunifásítì kan ti gbà mí fún LL.M. lórí ìmọ̀ ìwà ọ̀daràn àti ètò ìdájọ́, ọdún kan gbáko. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé òfin nìkan ni mo kà láyé mi. Mi ò kọ́ sosiọ́lọ́jì, ẹ̀rù ìṣirò sì ti ń bà mí láti kékeré. Ṣé mo lè ṣe é? Àbí M.Sc. (digirì kejì nínú sáyẹ́ǹsì) ló yẹ kí n lọ kà? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ibẹ̀ kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ mi sọ́nà.

Ọmọ Kóòtù:
Lọ́yà, ẹ lè ṣe é. Lọ́yà lèmi náà, ọdún tó kọjá ni mo parí tèmi.

Ohun tó kọ́kọ́ dà mí láàmú kì í ṣe ìṣirò rárá, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kàwé níbẹ̀ ni. Àwa, tá a bá ti ń ka ìdájọ́, ibi tí adájọ́ fẹnu ọ̀rọ̀ tì sí la máa ń wá. Nínú ìmọ̀ yìí, kò sí adájọ́ tó máa bá ẹnikẹ́ni parí ọ̀rọ̀. Lọ́dún 1938, Merton, onímọ̀ sosiọ́lọ́jì ọmọ Amẹ́ríkà, ní àwùjọ tó bá ń sọ fún gbogbo èèyàn pé kí wọ́n là, tó wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, ló ń ti àwọn kan sínú ọ̀ràn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Sutherland, onímọ̀ sosiọ́lọ́jì mìíràn, dìde, ó ní àwọn ẹni iyì tó ń fi gègé jalè lórí àga ọ́fíìsì ńkọ́, ṣé ilẹ̀kùn tì mọ́ àwọn náà ni? Hirschi, onímọ̀ sosiọ́lọ́jì bíi tiwọn, dé ní 1969, ó yí ìbéèrè náà po: kí ló dé tí ọ̀pọ̀ wa kì í fi í jalè? Ẹ máa gba ti ọ̀kan gbọ́ láàárọ̀, ti èkejì á tún wọ̀ yín lọ́kàn tó bá dalẹ́. Nínú àrọ̀kọ mi àkọ́kọ́, mo kàn to ọ̀rọ̀ wọn kalẹ̀ bí ẹni tó ń to ẹjọ́ àtẹ̀yìnwá síwájú adájọ́. Olùkọ́ mi kọ ọ́ sí etí ìwé pé, "Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, kí lo rí?" Ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.

Ní ti ìṣirò, mímọ bí a ṣe ń kà á ṣe pàtàkì ju ṣíṣe é lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ lè wo iye ọ̀ràn tí ọlọ́pàá kọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ béèrè ẹni tó kà á àti ohun tí wọn ò kà mọ́ ọn. Ọ̀ràn tí ẹnikẹ́ni ò fi sùn kì í wọ ìwé ọlọ́pàá. Tí iye ìfipábánilòpọ̀ bá lọ sókè, ó lè jẹ́ pé ìwà náà ló ń pọ̀ sí i, ó sì lè jẹ́ pé àwọn tí wọ́n ṣe é sí ti ń rí ẹni gbà wọ́n gbọ́ ni.

Olùkọ́ Òfin:
Mo ń kọ́ni ní irú ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ má wo orúkọ digirì, àwọn kọ́ọ̀sì tó wà nínú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. LL.M. sábà máa ń dúró lórí ìlànà ẹjọ́, ìfìyàjẹni, ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àti òfin ọ̀daràn àgbáyé. M.Sc. máa ń kó ọgbọ́n ìwádìí síni lórí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́fà tẹ́ ẹ ti lò ní kóòtù á ràn yín lọ́wọ́. Packer, olùkọ́ òfin kan ní Amẹ́ríkà, ní 1964, ya irú ètò ìdájọ́ méjì sọ́tọ̀. Ó fi ọ̀kan wé bẹ́líìtì ilé iṣẹ́ tó ń gbé ẹrù lọ láìdúró, ó fi èkejì wé ọ̀nà tí wọ́n to ìdènà sí, kí wọ́n má baà tètè dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi. Ẹni tó ti dúró níwájú adájọ́ ti rí méjèèjì láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo.

Iṣẹ́ ìwádìí ìparí ló máa ń ru ọ̀pọ̀ lójú. Ọdọọdún ni wọ́n ń gbé "ìjìyà àti àtúnṣe ọ̀daràn" wá bá mi. Ọdún mẹ́wàá ò tó o kọ. Ẹ̀yin ti ní ìbéèrè lọ́wọ́, ọmọkùnrin yẹn ló bi yín. Ǹjẹ́ adájọ́ máa ń wo ibi tí ẹlẹ́wọ̀n máa sùn lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n kó tó dá iye oṣù fún un? Ẹ mú ìdájọ́ bí ogójì, kẹ́ ẹ wá ọ̀rọ̀ náà nínú wọn.

Màmá Wọ́dà:
Ọmọ mi, wọ́dà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Má ṣe gbé iṣẹ́ ìwádìí ọdún kan lé orí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pẹ̀lú ẹlẹ́wọ̀n. Wàá gba àṣẹ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò ní ilé ìwé, wàá tún gbà á lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n, oṣù á sì ti lọ. Ohun mìíràn ni pé ẹni tó wà ní àhámọ́ lè sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni" torí ó rò pé wàá bá òun sọ̀rọ̀ rere níwájú ọ̀gá. Ṣé ìyẹn ti fínnúfíndọ̀ gbà?

Ka òfin Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè tí wọ́n fi sọrí Mandela ní 2015. Ó ní wọn ò gbọ́dọ̀ dá ẹlẹ́wọ̀n tì mọ́lé fún wákàtí 22 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, láìrí èèyàn bá sọ̀rọ̀, kó kọjá ọjọ́ 15 léraléra. Mo ti di kọ́kọ́rọ́ irú yàrá bẹ́ẹ̀ mú rí, mo sì mọ bí ohùn ènìyàn ṣe ń yí padà nínú rẹ̀. Wá lọ ka Òfin 107 ibẹ̀: láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wọ̀n ni kí wọ́n ti máa ronú ọjọ́ tí ẹlẹ́wọ̀n máa jáde.

Tèmi Yàtọ̀:
Tó bá jẹ́ owó lẹ ń wá, ẹ lọ ka òfin okòwò. Tó bá sì jẹ́ ìbéèrè ọmọ yẹn ni, ẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ẹni tó máa bójú tó iṣẹ́ ìwádìí yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé. Alábòójútó tèmi ò ka orí àkọ́kọ́ tí mo kọ fún oṣù mẹ́ta, èmi náà ò sì lọ fi sùn títí ọjọ́ fi lọ.

Lọ́yà Ọdún Mẹ́fà:
Ẹ ṣé gan-an. Màmá, mo dúpẹ́. Màá kọ̀wé béèrè orúkọ alábòójútó náà, màá sì béèrè bóyá mo lè fi ọdún méjì kà á pẹ̀lú iṣẹ́. Kí ni kí n kọ́kọ́ kà?

Ọmọ Kóòtù:
Ìwé tí Beccaria, ọmọ Ítálì, kọ lórí ọ̀ràn àti ìyà ní 1764. Kò tóbi. Òun ló ní dídájú tí ìyà dájú ló ń dẹ́rù ba ọ̀daràn ju kí ìyà náà le lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ohun tí Christie, onímọ̀ ìwà ọ̀daràn ọmọ Norway, kọ ní 1977, tó ní ìjọba àti àwa lọ́yà ti gba ìjà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Á dùn yín, àwa ló ń bá wí.

Lọ́yà Ọdún Mẹ́fà:
Mo ti rí Òfin 107 náà. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo ti fi sínú fáìlì ọmọkùnrin yẹn.