Irú ènìyàn wo ni àwọn ọmọ Accra tí àwọn òbí wa bá gbé?

Ọmọ Arówómọlé béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Nínú agbo ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí àgbàlagbà tí kì í mẹ́nu ba Accra, nítorí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti ṣòwò kí ìjọba Busia, olórí ìjọba Ghánà nígbà náà, tó pàṣẹ, ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀rọ̀ ọjà tiwọn àti ọ̀rọ̀ lílé náà ni mo ń gbọ́ ṣáá. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ àwọn onílùú fúnra wọn. Àwọn Gã tí ó ni Accra, iṣẹ́ kí ni wọ́n ń ṣe, báwo sì ni ìwà wọn ṣe rí?

Bàbá Ìsàlẹ̀-Afọ́n dáhùn pé:

Ìbéèrè rẹ tọ́, ọmọ mi. Accra ni mo gbé láti kékeré títí wọ́n fi ní kí a máa lọ, orí ẹja ni màá sì ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ bí ẹja ṣe ń ti inú òkun dé orí àtẹ kò lè mọ àwọn Gã. Igi wawa, èyí tí àwa ń pè ní arère, ni wọ́n fi ń gbẹ́ ọkọ̀ wọn. Inú igbó lọ́hùn-ún, lọ́dọ̀ àwọn Akan, ẹ̀yà Ghánà mìíràn, ni wọ́n ti ń gé e tí wọ́n ti ń gbẹ́ inú rẹ̀, kí wọ́n tó gbé e wá parí sí etí òkun. Apẹja kankan kì í wọ òkun ní ọjọ́ Túsìdeè, nítorí ọjọ́ òrìṣà òkun ni, àwọn wulomo, ìyẹn àwọn àwòrò aláṣọ funfun, kì í sì í fi òfin yìí ṣeré. Ṣùgbọ́n ní kété tí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, àṣẹ ọkùnrin ti tán: obìnrin ni ó ń gba ẹja, òun ni ó ń dá iye lé e, òun ni ó ń yan án, òun náà ni ó sì ń tà á.

Ohun tí ó ya àwọn ìyá wa lẹ́nu jù ni pé, ní àárín ìlú àtijọ́ yẹn, tọkọtaya kì í sábà gbé inú ilé kan náà. Ọkùnrin wà ní agbo ilé àwọn ọkùnrin, obìnrin wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀, ó sì ń gbé oúnjẹ ránṣẹ́ sí ọkọ ní ìrọ̀lẹ́. Àwa tí ìyàwó ń wọ agbo ilé ọkọ kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń jà ni. Lójú tèmi, èyí ló fà á tí obìnrin Gã fi ń sọ̀rọ̀ láìwo ojú ẹnikẹ́ni, nítorí ilé rẹ̀ àti owó rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ọkọ.

Iṣẹ́ ẹrù tún wà níbẹ̀. Accra kò ní èbúté tí ọkọ̀ ńlá lè gúnlẹ̀ sí, títí tí èbúté Tema, ìlú tí ó wà nítòsí rẹ̀, fi ṣí ní ọdún 1962. Ọkọ̀ ńlá á dúró lórí agbami, àwọn ọmọ Accra á sì fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ kéékèèké la ìgbì kọjá, wọ́n á kó àpò kòkó lọ, wọ́n á kó ọjà òyìnbó bọ̀.

Ìyá Sábó dáhùn pé:

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ gbàgbé oúnjẹ o! Kẹ́ńkì, ìyẹn àgbàdo kíkan tí wọ́n pọ́n sè, ẹja díndín àti ata lílọ̀ ni. Àwa ọmọ Ajílété tí à ń jẹ òkà kí a tó mu ẹ̀kọ yangan kò bá a ṣọ̀tá rárá. Kí ọmọ yìí tún wádìí ọdún Homowo. Kí ọdún náà tó dé, nǹkan bí oṣù kan ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lu ìlù nínú ìlú, ọ̀rọ̀ yìí sì ti dá wàhálà sílẹ̀ láàárín àwọn onísẹ̀ṣe àti àwọn ìjọ kan. Ebi tí ó pa àwọn baba ńlá wọn ni wọ́n ń fi ọdún náà ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní ti ọjà, Makola tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1924 ni ọba gbogbo wọn. Nígbà tí àwọn sójà wó o lulẹ̀ ní ọdún 1979, tí wọ́n ní àwọn obìnrin ọjà ló ń mú kí nǹkan wọ́n, àwọn obìnrin náà kò fi òwò sílẹ̀. Wọ́n tún padà pàtẹ.

Ọmọ Tákíé kọ̀wé pé:

Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin àgbà. Bí wọ́n bá jẹ́ ènìyàn dáadáa tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọ́n lé wa?

Olùkọ́ Ọjà-Igbó dáhùn pé:

Àbúrò, ìjọba orílẹ̀-èdè ló pàṣẹ, kì í ṣe àwọn Gã. Busia fúnra rẹ̀, ará Wenchi ni, ó jìnnà sí òkun. Bí a bá sì ń ka ọ̀ràn ìjọba sí ará ìlú lọ́rùn, àwa náà ní èyí tí a ó jẹ́jọ́ rẹ̀, nítorí ní ọdún 1983 ni Nàìjíríà lé àwọn ọmọ Ghánà. N kò sọ pé gbogbo Accra ló sunkún wa. Àwọn kan ra ẹrù àwọn ènìyàn wa ní ọ̀pọ̀, wọn kò sì bojú wẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n wo bí ìlú náà ṣe tò. Àdúgbò méje ni Accra àtijọ́ ní, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni Gã pọ́ńbélé dá sílẹ̀: Otublohum ní orírun Akan, Ngleshie Alata sì ti ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó wá láti ìhà ìlà-oòrùn etíkun fún iṣẹ́ odi wọn ní Jamestown, àdúgbò etí òkun ní Accra. Ní ọdún 1836, àwọn Tabom, ìyẹn àwọn tí wọ́n gba òmìnira ní Brazil tí àwọn ọmọ Yorùbá wà láàárín wọn, gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ọba Gã fún wọn ní ilẹ̀, wọ́n sì di gbajúmọ̀ nídìí iṣẹ́ aṣọ rírán àti kànga gbígbẹ́. Lónìí, ọmọ Accra ni gbogbo wọn, wọ́n sì ní olóyè tiwọn.

Bí Ọmọ Arówómọlé bá ráyè lọ, kí ó lọ sí etí òkun Jamestown ní ọjọ́ Túsìdeè. Orí ilẹ̀ ni ọkọ̀ wà lọ́jọ́ náà, àwọn apẹja ń tún àwọ̀n ṣe, wọ́n sì ní àyè láti bá àlejò sọ̀rọ̀.